Ẹ́ḿbásì Kò Ní Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀wọ̀n Lọ́wọ́

Bí ìròyìn bá ti dé Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Mushin pé wọ́n mú ọmọ ẹnì kan nílẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú oògùn olóró, ọ̀rọ̀ kan náà ni ará ilé máa ń kọ́kọ́ sọ: "Ẹ jẹ́ ká pe ẹ́ḿbásì, wọ́n á gbà á sílẹ̀." Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé bí ìjọba wa bá ti le ojú koko, ìlú yòówù kó jẹ́ á tú ọmọ wa sílẹ̀, bí wọn ò bá tú u sílẹ̀, a jẹ́ pé ìjọba ò ka mẹ̀kúnnù sí nìyẹn. Ìgbàgbọ́ yìí ń dùn mí, torí ọjọ́ tó yẹ kí ẹbí fi wá ẹ̀rí ni wọ́n fi ń dúró de aṣojú ìjọba.

Ìlú tó lágbára jù wá lọ ti le ojú rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù April 2015, Indonesia yìnbọn pa ènìyàn mẹ́jọ lórí ọ̀ràn oògùn olóró. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, ọmọ Australia méjì wà níbẹ̀, ọmọ Brazil kan náà sì wà níbẹ̀. Láti January ni Brazil ti pe aṣojú rẹ̀ wálé nítorí ọmọ rẹ̀ mìíràn tí wọ́n kọ́kọ́ pa. Ní February, ààrẹ wọn kọ̀ láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ aṣojú tuntun tí Indonesia rán wá. Australia bẹ̀bẹ̀ títí, ó sì pe aṣojú tirẹ̀ náà wálé nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ṣáájú ìgbà náà, ní January 2007, Singapore so ọmọ Nàìjíríà kan, ẹni ọdún 21, rọ̀, bẹ́ẹ̀ Ààrẹ Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé bẹ̀bẹ̀. Heroin tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀ lé ní gíráàmù 700. Nígbà náà, bó bá ti ju gíráàmù 15 lọ, ikú ni òfin wọn wí. Bí lẹ́tà ààrẹ ò bá ṣílẹ̀kùn, kí la fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kọ́ńsúlétì, ẹni tó ń bójú tó ọmọ Nàìjíríà lókèèrè, fi ṣí i?

Ohun tí òfin gbé lé òṣìṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wà nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Vienna lọ́dún 1963. Abala 36 gbà á láyè láti bẹ ẹni tó wà ní àtìmọ́lé wò, láti bá a sọ̀rọ̀ àti láti kọ̀wé sí i, àti láti bá a wá lọ́yà. Ó lè béèrè ògbufọ̀, ó lè jókòó ní kóòtù, ó lè jíṣẹ́ fún ẹbí. Abala 55 sọ pé kó bọ̀wọ̀ fún òfin ìlú tó wà, kó má sì tojú bọ ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1988 lórí gbígbé oògùn olóró, tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí, tún sọ pé kí ìlú kan má ṣe lọ ṣe iṣẹ́ agbófinró nínú ilẹ̀ ìlú kejì. Ohun tí a ò ní gbà kí wọ́n wá ṣe ní Ìkòyí, a ò lè ní kí aṣojú wa lọ ṣe é ní Jeddah ní Saudi.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Abala 36 kan náà sọ pé ìgbà tí ẹni tí wọ́n mú bá béèrè ni wọ́n tó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ́ḿbásì rẹ̀. Àwọn ìlú kan, bíi Amẹ́ríkà, ní láti sọ fún Nàìjíríà bó béèrè bí kò béèrè, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìlú. Àwọn ọmọ wa mìíràn kì í sì í béèrè. Dẹ́kíríì 33 ti ọdún 1990 ló ń bà wọ́n lẹ́rù: ẹni tó bá gbé oògùn olóró jáde láti Nàìjíríà, tí wọ́n sì dá lẹ́bi lókèèrè, lè tún fojú ba kóòtù nílé pé ó ba orúkọ orílẹ̀-èdè jẹ́, kó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún kún èyí tó ti ṣe. Nítorí náà, ẹ má rò pé ẹ́ḿbásì ti gbọ́. Kọ́ńsúlétì Nàìjíríà tó wà nílùú tí wọ́n ti mú un lẹ máa kàn sí. Èyí tó wà ní Victoria Island tó ń fún èèyàn ní físà, ìjọba tó ti ọmọ yín mọ́lé ló ń ṣojú fún.

Èsì tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Ṣebí wọ́n gba ọmọ Kano yẹn sílẹ̀ ní Saudi?" Òótọ́ ni. Ní December 2018, wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Medina nítorí tramadol, oògùn ìrora, tó wà nínú báàgì kan tó gbé orúkọ rẹ̀. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní April 2019. Ní 2025, àwọn mẹ́ta mìíràn tó lọ ṣe Úmúrà bá ara wọn ní àtìmọ́lé Jeddah lọ́nà kan náà, wọ́n sì bọ́. Gbogbo ènìyàn rántí pé ìjọba dá sí i. Ohun tí ìjọba gbé lọ ni wọn kì í rántí: NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ti mú àwọn tó so táàgì, ìyẹn bébà tó gbé orúkọ èrò, mọ́ báàgì ní pápákọ̀ òfurufú Kano, ẹjọ́ wọn sì ti wà nílẹ̀, kí Saudi tó ṣílẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nọ́ńbà mẹ́wàá ló wà lára táàgì báàgì. Mẹ́ta tó tẹ̀lé àkọ́kọ́ ń sọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó ni ín. Mẹ́fà tó kẹ́yìn jẹ́ ti báàgì yẹn nìkan. Kọ̀ǹpútà ló so nọ́ńbà náà mọ́ orúkọ èrò, kò sì mọ ẹni tó di ẹrù. Bí wọ́n bá gbà yín láyè báàgì méjì, tí ẹ sì gbé ẹyọ kan wá, àyè kan ṣẹ́ kù lórúkọ yín. Òṣìṣẹ́ káńtà tó ti gba rìbá á tẹ táàgì kejì, á so ó mọ́ ẹrù ẹlòmíràn, ẹ̀yin á sì wọ ọkọ̀ láìmọ nǹkan kan. Kọ́sítọ́ọ̀mù ibi tí ẹ ń lọ á ṣí báàgì, wọ́n á ka orúkọ, ó parí.

Ohun tó lè tú irú okùn yìí ni àjẹkù táàgì, ìyẹn bébà kékeré tí wọ́n ya lára táàgì fún yín ní káńtà, ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n kọ sílẹ̀, àwòrán kámẹ́rà káńtà, àti orúkọ òṣìṣẹ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú tí wọ́n tẹ táàgì náà. Àjẹkù nìkan ò tó, torí ọ̀daràn náà lè ju tirẹ̀ nù. Yàtọ̀ sí àjẹkù, Nàìjíríà níbí ni gbogbo wọn wà: lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, lọ́dọ̀ FAAN tó ń bójú tó pápákọ̀ òfurufú, lọ́dọ̀ NDLEA. Ẹ́ḿbásì ò ní in. Kámẹ́rà sì máa ń pa àwòrán àtijọ́ rẹ́ kó lè gba tuntun. Bó bá jẹ́ Èkó ló ti wọkọ̀, ọ́fíìsì NDLEA ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ni kí ẹbí gbé ìwé lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní ẹ̀dà: orúkọ bó ṣe wà nínú páásìpọ́ọ̀tù, nọ́ńbà páásìpọ́ọ̀tù, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ọjọ́, iye báàgì, ìwọ̀n wọn, nọ́ńbà táàgì, àti ẹni tó sìn ín dé pápákọ̀.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fọkàn balẹ̀ pé èyí á ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àjọṣe tó wà láàárín NDLEA àti àwọn Saudi ló jẹ́ kí wọ́n tẹ́tí sí ẹ̀rí náà; ìlú tí kò bá wa rẹ́ lè gba ìwé kó má kà á. Ẹni tó gbé oògùn mì, tàbí tó fọwọ́ ara rẹ̀ dì í, lọ́yà rere ló kù fún un. Àdéhùn pàṣípààrọ̀ ẹlẹ́wọ̀n, bí èyí tí a bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2014, kì í pa ẹ̀wọ̀n rẹ́: èyí tó ṣẹ́ kù lèèyàn ń bọ̀ wá ṣe nílé.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun mọ èèyàn ní ẹ́ḿbásì, kẹ́ ẹ mú owó wá. Kò sí owó ìtúsílẹ̀ tí kọ́ńsúlétì Nàìjíríà ń gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ má gba edé, gàrí, ẹ̀gúsí tàbí ọṣẹ dúdú tí ẹ ò fọwọ́ ara yín dì, ìbáà jẹ́ ti Àǹtí tàbí ti ọmọ ìjọ. Bó bá jẹ́ tramadol ni dókítà kọ fún yín, ẹ béèrè òfin ìlú tí ẹ ń lọ kó tó wọ báàgì. Bí wọ́n bá gbé báàgì sórí ìwọ̀n ní káńtà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó hàn. Kí ẹ tó kúrò níwájú òṣìṣẹ́ náà, ẹ bi í pé, "Báàgì mélòó ló wà lórúkọ mi?" Bó bá pe méjì, tó sì jẹ́ ẹyọ kan lẹ gbé wá, ẹ má kúrò níbẹ̀. Ẹ pe ọ̀gá rẹ̀, ẹ pe NDLEA, kódà kí ọkọ̀ fi yín sílẹ̀. Àjẹkù táàgì náà, inú páásìpọ́ọ̀tù ni kó wà títí ẹ ó fi padà dé Ìkẹjà.