"Orí ẹ̀ ò gbàwé": irọ́ tí àwa tíṣà ń pa fún ara wa

"Màmá, ẹ gbé e lọ sílé ìwé àwọn tó dà bí ẹ̀, orí ẹ̀ ò gbàwé." Mi ò mọye ìyá tí wọ́n ti sọ èyí fún ní Abẹ́òkúta níbí, láti Lafẹ́nwá títí dé Àsẹ́rò, àwa tíṣà la sì ń sọ ọ́ jù. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, ó ń dùn mí dòní, torí mo gbà nígbà yẹn pé ọmọ tí nǹkan kì í tètè yé ò lè kọ́ nǹkan kan, pé á kàn fa àwọn tó kù sẹ́yìn ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ yẹn ń kọ́ nǹkan, ó kàn ń pẹ́ ni, ẹ sì ní láti gé ẹ̀kọ́ náà sí wẹ́wẹ́ fún un. Ayé kọ́ ló ṣe é. Òmíì ní Down syndrome, kromosóòmù kan, ìyẹn ohun tíntìntín inú ara tó ń gbé àbùdá, ló lé lára ẹ̀, láti 1959 ni wọ́n ti rí ìdí ẹ̀. Òmíì ò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, afẹ́fẹ́ ò tètè dé ọpọlọ ẹ̀. Òmíì, jọ́ńdíìsì ló mú un lọ́mọ ọwọ́, tí wọ́n ń gbé e sóòrùn láràárọ̀ dípò ọsibítù títí ó fi kan ọpọlọ.

Ẹ wo owó kíkà. Tí mo bá ń kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi á kàn máa wo fèrèsé. Lẹ́yìn tíréènìn tí mo lọ, mo pa bọ́ọ̀dù tì, mo kó owó gidi wá, ₦100, ₦200, ₦500. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, iṣẹ́ kan ló ń ṣe, kó mú èyí tó ní Awólọ́wọ̀ jáde, fìlà àti awò ojú ló fi ń dá a mọ̀. Ìgbà tí ìyẹn wọlé la tó bọ́ sí Awólọ́wọ̀ mélòó ló máa ra gúgúrú. Mo ní kí ọmọbìnrin kan tí ìyá ẹ̀ ń tajà ní Kútọ̀ jókòó tì í, òun ló ń ṣe ìyá onígúgúrú. Tí mo bá bi ọmọkùnrin náà ní nǹkan, mo máa ń ka ení títí dé ẹẹ́wàá sínú kí n tó tún lanu, èyí gan-an ló le jù fún mi, àwa tíṣà ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Àwọn mẹ́ta míì tí wọ́n ti ń díbọ́n pé owó kíkà yé wọn, ibẹ̀ ló ti yé wọn.

Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2019 ní kí ilé ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó dáa, àmọ́ ẹnì kan yẹn ò lè wà ní gbogbo kíláàsì, tíṣà tó ń pe orúkọ ọmọ náà láràárọ̀ ló nílò ẹ̀kọ́ yẹn jù. Sẹ́mínà ọjọ́ kan tí wọ́n ti ń pín ráìsì náà ò tó. Ohun tó ran èmi lọ́wọ́ ni obìnrin tó wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi, tó wò mí bí mo ṣe ń kọ́ wọn, tó wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé "ẹ̀yin lẹ ń yára jù, Àǹtí".

Ọmọ náà ti ń ra gúgúrú fúnra ẹ̀ báyìí, ó ń gba ṣénjì. Ìwé kíkà ò tíì wọlé o. Lẹ́tà mẹ́rin ló mọ̀ nínú orúkọ ẹ̀, a wà lórí ìkarùn-ún.