Wáyà Àṣẹ Gígùn àti Iná LED WS2812B

Nínú okùn iná LED tí a lè pàṣẹ fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, irú bíi WS2812B, wáyà kan ṣoṣo ni àṣẹ ń gbà wọlé. Bíìtì (àmì òdo tàbí ení) 24 ni kọntiróólà, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná, ń fi ránṣẹ́ sí iná kọ̀ọ̀kan: mẹ́jọ fún àwọ̀ ewé, mẹ́jọ fún pupa, mẹ́jọ fún búlúù. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, bíìtì kan kò gbà ju 1.25 nínú rẹ̀ lọ. Bí fóltéèjì ṣe pẹ́ lókè tó ni iná fi ń dá òdo mọ̀ yàtọ̀ sí ení: bíi 0.4 nínú ìdá mílíọ̀nù yẹn fún òdo, bíi 0.8 fún ení. Bí wáyà bá ba èyí jẹ́ díẹ̀ pẹ́ẹ́, òdo a di ení, iná tó yẹ kó pọ́n a sì máa ṣẹ́jú ní funfun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń di ẹ̀bi ru okùn iná tó gùn. Ṣùgbọ́n iná kọ̀ọ̀kan a máa mú bíìtì 24 tirẹ̀, a sì tún ìyókù ṣe bí tuntun kó tó ta á látaré sí èyí tó tẹ̀ lé e. Àárín kọntiróólà àti iná àkọ́kọ́ gan-an ni ọ̀ràn ti ń bẹ̀rẹ̀.

ESP32, irú kọntiróólà kan, kì í gbé ju fóltì 3.3 jáde, bẹ́ẹ̀ WS2812B tó ń jẹ fóltì 5 ń retí ó kéré tán 3.5. Bó bá ṣiṣẹ́ lórí wáyà kúkúrú, orí ló yọ ọ́. Ṣíìpù 74AHCT125, tí a fi sí ẹ̀gbẹ́ kọntiróólà, ló ń gbé e dé 5. Rẹ̀sítọ̀ kékeré kan (ohun tó ń dín ìṣàn iná mànàmáná kù), bíi 33 sí 100 ohm, a sì tẹ̀ lé ṣíìpù náà lójú ẹsẹ̀, nítorí pé àṣẹ tó yára bẹ́ẹ̀ máa ń kọlu òpin wáyà, a sì ta padà bí omi tó kọlu ògiri. Rẹ̀sítọ̀ yìí ló ń gbà á mì.

Wáyà GND, èyí tí iná mànàmáná ń gbà padà, tí a sì ń fi í ṣe òdo fóltì, ni wọ́n sábà máa ń fojú di jù. Bí ámúpù 3 bá ń gba inú wáyà GND tí ìdènà rẹ̀ sí iná mànàmáná jẹ́ 0.2 ohm kọjá, fóltì 0.6 ti sọnù níbẹ̀, òdo tí kọntiróólà mọ̀ kì í sì í ṣe òdo tí iná mọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí wáyà GND tó nípọn fi yẹ iná, tí wáyà àṣẹ sì gbọ́dọ̀ ní GND tirẹ̀ tí a lọ́ mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gẹ́gẹ́ bí wáyà méjì-méjì ṣe lọ́ mọ́ra nínú kebù íntánẹ́ẹ̀tì Cat5.

Bí ọ̀nà bá jìn tó ogún mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣíìpù RS-485 méjì ló yẹ: ti ìbẹ̀rẹ̀ ń fi àṣẹ ránṣẹ́ lórí wáyà méjì tó ń lòdì síra, ti òpin sì ń ka ìyàtọ̀ àárín wọn nìkan, tó fi jẹ́ pé ariwo tó kọlu méjèèjì bákan náà kò ní já mọ́ nǹkan. Síbẹ̀, níbi tí Wi-Fi bá dé, gbígbé kọntiróólà fúnra rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ okùn iná ló rọrùn jù.