Ìgbòkègbodò aráàlú fún ìjọba àwarawa ní Abẹ́òkúta

Ìgbòkègbodò aráàlú fún ìjọba àwarawa ní Abẹ́òkúta ni gbogbo ohun táwọn tí ò sí nípò òṣèlú ń ṣe káwọn tó ń ṣèjọba má baà máa ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Ti ọjọ́ ìdìbò nìkan kọ́ o. Ìpàdé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ ọjà wà níbẹ̀, ká lọ bá kánsẹ́lọ̀ nílé ká ní kó ṣàlàyé náà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ló sì sábà máa ń dá a sílẹ̀.

Èyí táyé mọ̀ jù ni ti Abeokuta Women's Union. Ẹgbẹ́ kékeré táwọn obìnrin tó kàwé dá sílẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣáájú wọn, nígbà tó yá àwọn obìnrin ọjà wọlé torí wọ́n fẹ́ mọ̀wéé kà, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń gba ìrẹsì wọn lójú ọjà. Ní 1946 ni wọ́n yí orúkọ padà sí Abeokuta Women's Union. Owó orí ló ká wọn lára jù: ọmọbìnrin ọdún 15 ti ń san án, ọkùnrin dìgbà tó bá pé 16, ìjọba ìbílẹ̀ tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá jẹ́ olórí ẹ̀ lábẹ́ òyìnbó ló ń gbà á. Wọn ò ṣàdédé jáde sí títì. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n tún háyà akáńtáǹtì kó yẹ ìwé owó ìjọba náà wò, apá tọ́pọ̀ èèyàn máa ń fò nìyẹn tí wọ́n bá ń pìtàn yìí. Nígbà tó di November àti December 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ jókòó sí ààfin Aké, wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú, wọ́n ń kọrin. Ìjọba ò fún wọn níwèé àṣẹ láti ṣe ìwọ́de, ni wọ́n bá ní píkíníìkì làwọn ń lọ. Ìjọba dá owó orí obìnrin dúró ní 1948, Aláké kúrò lórí oyè ní January 1949, ó sì padà dé ní December 1950.

Lóde òní, CDA àdúgbò ló sún mọ́ èèyàn jù. Àwọn landlọ́ọ̀dù ló pọ̀ níbẹ̀, ayálégbé kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ń dáwó tíránsífọ́mà, wọ́n ń dáwó gọ́tà, ká sòótọ́ iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń fowó ara wọn ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ̀wé sí kánsù tàbí kí wọ́n gba Òkè-Mọ́sàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà, lọ. Òfin Freedom of Information ti 2011 gbà kí ẹnikẹ́ni béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba láìsọ ìdí, ọjọ́ 7 ni wọ́n fi gbọ́dọ̀ dáhùn.

Ti ìdìbò, ẹni tó bá ti pé ọdún 18 lè lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ INEC. Ní November 2022, wọ́n dáná sun ọ́fíìsì INEC ti Abẹ́òkúta South, káàdì ìdìbò (PVC) tó jóná lé ní 65,000, gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ èyí tí àwọn tó ni ín ò tíì wá gbà. Lọ́jọ́ ìdìbò, ojú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti ń ka ìbò, wọ́n á lẹ èsì mọ́ ibi tí wọ́n ti dìbò, torí náà àwọn kan kì í lọ sílé, wọ́n á dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú kí wọ́n tó fi fóònù ya èsì náà, wọ́n á sì jù ú sórí WhatsApp àdúgbò.