Ìwé Àpilẹ̀kọ Dókítà Kì Í Ṣe fún Ìdánwò Nìkan

Ọ̀pọ̀ aláìsàn kò mọ̀ pé dókítà tó ń tọ́jú wọn ní ọsibítù ńlá lè máa kọ ìwé àpilẹ̀kọ lọ́wọ́. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ di kọ́ńsọ́tàǹtì, ìyẹn dókítà àgbà tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀ka ìṣègùn kan, yóò ṣe ìwádìí, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn àgbà. National Postgraduate Medical College, ilé ẹ̀kọ́ tó ń ṣe ìdánwò fún irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀, tó wà ní Ìjànikin l'Ékòó, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1979, ń béèrè fún un. West African College of Physicians náà ń béèrè.

Tí dókítà bá ti yege, a ó bá a yọ̀, ìwé náà á sì wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí. Aláìsàn tó jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun kò ṣe é torí kí ẹnì kan lè gboyè. Ohun tí a sọ fún un ni pé èsì rẹ̀ yóò ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Bí ohun tí wọ́n rí nípa àrùn kídìnrín n'Ílọrin kò bá jáde nínú jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ti ń tẹ ìwádìí jáde, báwo ni dókítà tó wà l'Ákùúrẹ́ yóò ṣe mọ̀? Kódà, bí ìwádìí bá fi hàn pé ìtọ́jú kan kò ṣiṣẹ́, ó yẹ ká gbọ́.

Iṣẹ́ tó le jù ni gígé e kúrú. Àpilẹ̀kọ lè ju ọgọ́rùn-ún ojú ìwé lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ jọ́nà kò fẹ́ ju nǹkan bí 3,000 ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ má kàn máa yọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ẹ kọ ọ́ lákọ̀tun; ìtàn gígùn nípa ohun táwọn mìíràn ti kọ á di ìpínrọ̀ mélòó kan. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé èsì kan sí wẹ́wẹ́ kó lè dà bí ìwádìí mẹ́rin. Ìtànjẹ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ àwọn tí a ó kọ sórí iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé máa ń dá ìjà sílẹ̀. Òfin àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn lágbàáyé ni pé kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ti kópa gidi nínú ìwádìí náà, kó bá wọn kọ ọ́ tàbí kó tún un ṣe, kó fọwọ́ sí ẹ̀dà ìkẹyìn, kó sì ṣe tán láti dáhùn fún gbogbo rẹ̀. Jíjẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka nìkan kò tó. Ẹ jọ fẹnu kò lórí èyí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún jọ́nà tó bá fi ímeèlì kí yín ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, tó ní òun yóò tẹ iṣẹ́ yín jáde lọ́jọ́ mẹ́ta tí ẹ bá ti sanwó. Àyẹ̀wò gidi látọwọ́ akẹgbẹ́, ìyẹn àwọn onímọ̀ mìíràn tó ń yẹ iṣẹ́ náà wò kó tó jáde, máa ń gba oṣù mélòó kan, wọ́n sì lè ní àwọn kò gba iṣẹ́ náà. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ fi ránṣẹ́ síbòmíì. West African Journal of Medicine wà, Nigerian Postgraduate Medical Journal wà. African Journals Online, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998, kó ọ̀pọ̀ jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ síbì kan, ẹnikẹ́ni sì lè ka púpọ̀ nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan aláìsàn tó fúnni lẹ́jẹ̀.