Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Pa Kàtàkánà Yẹn Rẹ́

"Àǹtí, mo ti ríṣẹ́ ní Jàpáànù o! Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí n máa kọ́ wọn. Ìyẹn ṣáà rọrùn, àbí?"

Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí má wọlé sórí fóònù mi. Ọ̀rọ̀ físà àti ilé, ẹ lọ bi ẹ́ńbásì. Ohun tó ń bí mi nínú ni èyí tí ẹ máa ń ṣe tí ẹ bá débí tán. Kò ní pé oṣù mẹ́ta, ẹ ó ti kọ́ kàtàkánà, ọ̀kan nínú ọ̀nà ìkọ̀wé Jàpáànù, orí yín á wú, ni ẹ ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójú pátákó, ẹ ní kó lè rọ àwọn ọmọ lọ́rùn ni.

Kàtàkánà ni àwọn ará Jàpáànù fi ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá láti èdè mìíràn. Kọ́ńsónáǹtì kì í dá dúró níbẹ̀, àfi n nìkan, fáwẹ̀lì wọn ò sì ju márùn-ún lọ. Tí a bá ní ká wò ó, bíi tiwa náà ni, àfi iye fáwẹ̀lì. Àwa tí a sọ glass di gíláàsì, kí ni a fẹ́ fi ẹni tó pè é ní gurasu ṣe yẹ̀yẹ́ fún? Ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ jẹ́ kó pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n tíṣà tó kọ́ mi ní kíláàsì kìíní kò kọ búrẹ́dì sórí bread nínú ìwé kíkà wa rí. A ń jẹ búrẹ́dì nílé, a ń ka bread ní iléèwé, kò sì sí ẹni tí wọ́n dàrú mọ́ lójú.

Níbí, ọmọ á ra ìwé tuntun, kí tíṣà tó wọlé, ó ti mú pẹ́ńsù, ó ti kọ kàtàkánà tíntìntín sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lójú ewé kìíní. Bí bus àti bath ṣe di basu nìyẹn. First di faasuto, fast náà di faasuto. Best àti vest di besuto. Light àti right, raito ni méjèèjì. Ẹ má rò pé ẹnu ni mo ń sunkún lé lórí. Ẹnu ṣì ṣe é tún ṣe. Etí ni. Etí tó bá ti kó ọ̀rọ̀ méjì sínú àpò kan ṣoṣo kì í fetí sí ìyàtọ̀ wọn mọ́, ó ti gbà pé kò sí ìyàtọ̀. Nítorí náà, nínú kíláàsì tèmi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀. Mo á fi ìwé bo ẹnu mi kí wọ́n má baà máa wo ètè mi, mo á pe light, mo á pe right, wọ́n á na ìka kan tàbí méjì. Lóṣù àkọ́kọ́, ṣe ni wọ́n ń ta tẹ́tẹ́. Ó máa ń tó oṣù mẹ́rin kí ìka tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà láìṣiyèméjì, ìgbà yẹn ni mo tó ń jẹ́ kí wọ́n la ẹnu.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ọpọlọ ará Jàpáànù ni kò gba Gẹ̀ẹ́sì. Irọ́ funfun báláú. Àwọn mìíràn ń ta ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, wọ́n ní kí o sá máa gbọ́ ọ lọ, kódà tí o bá ń sùn, ó máa wọ̀ ọ́ lára. Gbájú-ẹ̀! Àwọn iléèwé ìtàkùrọ̀sọ ẹ̀gbẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin ńkọ́, tí wọ́n ń lẹ àwòrán òyìnbó onírun wúrà mọ́ ara ògiri? Mo gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́rìnlá. Síbẹ̀ ọ̀kan nínú wọn gba akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi fún ọmọdékùnrin kan tí kò kọ́ iṣẹ́ tíṣà rí, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìyá tirẹ̀. Láàárín oṣù méjì, méjì nínú wọn ti padà wá.

Ìjọba náà kò káwọ́ gbera. Láti 1987 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ wá láti òkè òkun lábẹ́ ètò JET láti ran àwọn tíṣà lọ́wọ́. Ní 2020, wọ́n sọ Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ní máàkì ní kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò ni ọlọ́run ibí. TOEIC, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1979, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ń béèrè jù, igba ìbéèrè ni, fún wákàtí méjì: o gbọ́, o kà, o ṣédì. Máàkì tó ga jù ni 990. Èèyàn lè gba gbogbo rẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gba 905. Ẹnjiníà ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Iléeṣẹ́ rẹ̀ rán an lọ sí Sydney. Ní aago méjì òru, nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Ó gbé fóònù, ó pe ìsàlẹ̀: "Haato! Haato!" Heart ló ń pè. Ṣùgbọ́n bí kàtàkánà ṣe ń kọ heart náà ló ń kọ hurt. Hurt ni obìnrin tó wà nísàlẹ̀ gbọ́, ó wá bi í pé, "Where does it hurt, sir?" Ó gbọ́ haato nínú ìbéèrè yẹn, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti yé wọn. Ó ní, "Yes! Yes!" Obìnrin náà tún béèrè. Ó tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wà lẹ́nu èyí títí ẹnìkan fi gòkè lọ, tó bá a nílẹ̀, tí òógùn ti bò ó.

Orí kó o yọ. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́ fún mi nígbà tó padà dé. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo kọ chest, breathe àti ambulance sínú ìwé rẹ̀ gàdàgbà. Kí n tó gbé bírò kúrò, bàbá ti yọ pẹ́ńsù, ó ti ń kọ chesuto lé chest lórí.

Mo na ọwọ́, mo ní kó fún mi ní kílínà.