Bí Òbí Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba Ń Tẹ̀ Síwájú ní Ìkòròdú

Ìbéèrè tí àwọn òbí ní Ìkòròdú máa ń bi àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ àbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ni pé, ṣé lóòótọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ọmọ àwọn ń lọ ti ń dára sí i. Wọ́n rí i pé wọ́n ti kun ilé, wọ́n ti ṣe géètì tuntun, àwọn olùkọ́ sì ń gbé táblẹ́ẹ̀tì wọ kíláàsì, síbẹ̀ ọmọ tó wà ní pírámárì kẹrin kò tíì lè ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo mílíìkì fún ìyá rẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ìjọba ń náwó lóòótọ́, àwọn olùkọ́ púpọ̀ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ọmọ náà kò sì mọ̀wé kà lóòótọ́. Ìdáhùn tí mo ní ni pé a kò lè mọ̀ bóyá ilé-ẹ̀kọ́ kan ń tẹ̀ síwájú àfi tí a bá wo àwọn ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti ní ìparí rẹ̀, kí a sì wádìí ohun tí wọ́n lè ṣe báyìí tí wọn kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kà sí ẹ̀rí ìtẹ̀síwájú ni kò dáhùn ìbéèrè yìí rárá.

Ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ wo. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba wà lábẹ́ àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí gbogbo wa ń pè ní SUBEB, àjọ náà sì ń lo ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní Èkó. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ní tiwọn wà lábẹ́ Education District II, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Maryland, tó sì kó Ìkòròdú, Kòsọ́fẹ́ àti Ṣómólú pọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ pé ọdún 9 àkọ́kọ́, láti pírámárì kìíní títí dé JSS 3, jẹ́ ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì ni ọdún 9 náà pín sí. Ọmọ tó parí pírámárì kẹfà láì mọ̀wé kà ti kúrò lọ́rùn ọ́fíìsì kan, ó ti di ẹrù ọ́fíìsì kejì, olùkọ́ JSS 1 tí wọ́n gbà láti kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì kò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní lẹ́tà. Mo gbà pé ibi ìsọdá yìí ni a ti ń pàdánù ọmọ jù lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí èsì ìdánwò kankan tó fi í hàn.

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ kò gùn. Òfin kan náà ló ya ìdá 2 nínú 100 owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, tó sì ní kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba nínú rẹ̀ kọ́kọ́ gbé owó tirẹ̀ sílẹ̀. Owó tó ń wọlé báyìí máa ń di bùlọ́ọ̀kù, òrùlé àti àga, nítorí ohun tí ojú rí ló rọrùn láti jábọ̀ lé lórí. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìyẹn. Òjò Ìkòròdú kì í ṣe ohun tí ọmọ lè kàwé lábẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin tí kò sì rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ilẹ̀kùn yóò máa dúró sílé ní àwọn ọjọ́ kan lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n tí ọ̀dà bá ti gbẹ tán tí kò sí ẹni tó bèèrè nípa ìwé kíkà, a ti fi ètè sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Èsì WAEC ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò fínnífínní, nítorí òun ni ìwé ìròyìn máa ń gbé jáde. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni ìdá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba kírẹ́díìtì 5 tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n náà wúlò, nítorí òun ni wọ́n ń bèèrè fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì. Ẹ wá jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní ọmọ 100 ló wà ní SS 2 ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, tí wọ́n dọ́gbọ́n dá 40 tí kò já fáfá dúró, tí 60 péré jókòó ṣe ìdánwò, tí 45 sì yege. Ìdá 75 nínú 100 nìyẹn, gbogbo ènìyàn á sì pàtẹ́wọ́. Ká tún ní ọ̀gá tuntun dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tó bá ọmọ 100 nínú kíláàsì, tó ní kí gbogbo wọn ṣe ìdánwò náà, tó ṣètò ẹ̀kọ́ àfikún fún wọn, tí 60 sì yege. Ìdá 60 nínú 100 ni ìwé yóò gbé jáde, ẹni tó bá kà á yóò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ti fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ọmọ 15 ló fi pọ̀ ju àwọn tó yege lọ́dún tó kọjá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ọ̀gá kejì yìí sì ni mo máa fi ọmọ mi lé lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbàkígbà tí wọ́n bá dárúkọ ìdá kan fún yín, ẹ bèèrè iye ọmọ tó wà ní kíláàsì náà ní ọdún méjì ṣáájú, kí ẹ tó bèèrè iye tó yege.

Ní Ìkòròdú, ohun mìíràn tún wà tó ń mú kí òǹkà dàrú. Ó ti pẹ́ tí àwọn tí owó ilé wọ́n fún ní àárín ìlú Èkó ti ń kó wá sọ́dọ̀ wa, àwọn ibi tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀ sì ti di òpópónà àti ilé onífúláàtì. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ní Òdogunyàn lè parí pírámárì ní Ìjẹ̀dé tàbí ní Ìgbógbo nítorí pé owó ilé tán, òmíràn a sì wọlé ní àárín sáà kejì láti ibi tí a kò mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bí wọ́n bá wá sọ pé pírámárì kẹfà ti ọdún yìí ṣe dáadáa ju ti èṣí lọ, àwọn ọmọ ọ̀tọ̀ pátápátá ni wọ́n ń fi wéra. Ó tún burú díẹ̀ sí i, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ tí òkìkí rẹ̀ bá kàn ni gbogbo òbí máa ń sáré gbé ọmọ lọ. Ìlànà orílẹ̀-èdè wa lórí ẹ̀kọ́ ní kí olùkọ́ kan má kọ́ ju ọmọ 35 lọ ní pírámárì, ṣùgbọ́n orúkọ rere nìkan ti tó láti sọ kíláàsì di ibi tí ọmọ mẹ́ta ti ń jókòó lórí àga ènìyàn méjì, kí olùkọ́ tó ṣe iṣẹ́ rere náà má sì lè ṣe é mọ́.

Ohun tó lè dáhùn ìbéèrè wa kò wọ́n rárá. Ní India, àjọ kan tó ń jẹ́ Pratham, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Mumbai, ti ń lo bébà kan láti ọdún 2005 láti dán ìwé kíkà àwọn ọmọ wò nínú ilé wọn. Lẹ́tà mélòó kan ló wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìpínrọ̀ kékeré, lẹ́yìn náà ìtàn ṣókí. Wọn kì í fún ọmọ ní máàkì, ibi tó bá dúró sí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Òbí lè ṣe é fúnra rẹ̀, tí kò bá sì mọ̀wé, ó lè bẹ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà. Ẹ má ṣe lo ìwé tí wọ́n ń kà ní kíláàsì, nítorí ọmọ púpọ̀ ti há a sórí láti ẹnu olùkọ́. Ìka ni ẹ ó máa wò: ìka ọmọ tó há a sórí yóò ti dé òpin ìlà nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì wà láàárín, tàbí kí ẹnu ti lọ kí ìka kù sẹ́yìn. Bí ẹ bá fi ọwọ́ bo àwòrán, tí ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kẹta, ohùn rẹ̀ yóò wálẹ̀, yóò sì máa wo ojú yín dípò ìwé. Ọmọ tó ń kà ní tòótọ́ lè máa lọ díẹ̀díẹ̀, ó lè ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ṣùgbọ́n yóò padà sí i, yóò sì tún un ṣe. Ẹ kọ déètì àti ibi tó dúró sí sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, kí ẹ tún ṣe é ní oṣù kéje.

Ẹ má jẹ́ kí èsì náà dójú tì yín. UNICEF ti sọ pé nǹkan bí ìdá 3 nínú 4 àwọn ọmọ ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kí ó yé wọn. Ohun tó sì ti ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀, ní India àti ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya wa, ni kí a fi wákàtí kan lójúmọ́ pín àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n lè kà, láìwo kíláàsì tí wọ́n wà, kí ọmọ pírámárì karùn-ún tó ṣì wà lórí lẹ́tà jókòó pẹ̀lú ti kẹta tó wà níbẹ̀. Ìtìjú ni ìṣòro rẹ̀. Ọmọ tó ga jù nínú ẹgbẹ́ lè kọ̀ láti lanu, olùkọ́ tó bá gbọ́n á sì fi í ṣe ẹni tó ń pín káàdì tó sì ń kọ́kọ́ pe lẹ́tà, kí ó lè rí ọ̀nà kọ́ ohun tó yẹ kó ti mọ̀ láìsí ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ètò EKOEXCEL, tí ìjọba Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020, gbé táblẹ́ẹ̀tì tó ní àlàyé ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ lé àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lé ní 1,000. Ohun rere ni pé kò sí olùkọ́ tó tún lè wọ kíláàsì láì mọ ohun tó fẹ́ kọ́ni. Ohun tí èmi máa ń wò nígbà àbẹ̀wò ni ọmọ tó wà ní ẹ̀yìn kíláàsì, nítorí ẹ̀kọ́ orí táblẹ́ẹ̀tì ń lọ ní ìwọ̀n tirẹ̀, ó sì kù sọ́wọ́ olùkọ́ láti dá ẹsẹ̀ dúró fún ẹni tí kò bá a. Títẹ̀ lé àwọn ọmọ kan náà kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò wọn ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970 sí 1978, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún 6, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà gan-an láti kíláàsì dé kíláàsì, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ pé àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn, wọn kò kẹ́yìn pàápàá nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ó yẹ kí òbí tún mọ bí ìtẹ̀síwájú ṣe ń dé. Wíwá sílé-ẹ̀kọ́ déédéé ló máa ń kọ́kọ́ yí padà, ti olùkọ́ àti ti ọmọ. Ìwé kíkà ní pírámárì kejì àti kẹta ló tẹ̀ lé e, èsì WAEC ló sì máa ń kẹ́yìn, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún àkọ́kọ́, àbọ̀ ìdánwò lè wálẹ̀ díẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tó ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ń padà wá. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni kí wọ́n gbé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ síbòmíràn ní àkókò yìí, kí ẹni tuntun sì bẹ̀rẹ̀ nǹkan mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ló yẹ kó ní ìgbìmọ̀ tí òbí àti ará àdúgbò wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SBMC. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti bèèrè iye ọmọ tó wà nínú rẹ́jísítà kíláàsì ọmọ yín ní oṣù kẹsàn-án, iye tó ṣì wà níbẹ̀ báyìí, ibi tí àwọn yòókù lọ, àti iye àwọn ọmọ pírámárì kẹta tó lè ka ìpínrọ̀ tí wọn kò rí rí. Tí wọ́n bá ní kí ẹ san owó kan kí ọmọ tó lè wọlé, ẹ rántí pé òfin 2004 ka gbígba owó ilé-ẹ̀kọ́ ní ìpele yìí sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ní owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n nínú. Bí ọ̀gá kò bá sì lè dáhùn, ẹ kọ ìbéèrè náà sínú lẹ́tà, ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú tó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tàbí sí District II tó bá jẹ́ girama. Ìpàdé ìbẹ̀rẹ̀ sáà kìíní ló dára jù láti bèèrè, nítorí iye ọmọ tó wọlé ṣì wà ní títun nínú rẹ́jísítà nígbà náà, ẹni tó bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà yóò ní ohun tí yóò fi wé ti oṣù kéje.