Títo nọ́ńbà lẹ́sẹẹsẹ (ẹ̀kọ́ ọmọdé)

Títo nọ́ńbà lẹ́sẹẹsẹ jẹ́ apá kan nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ìbẹ̀rẹ̀. Òun ni ọmọdé fi ń mọ nọ́ńbà tó ṣáájú òmíràn, èyí tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó wà láàrin méjì. Ó yàtọ̀ sí kíka nọ́ńbà bí orin. Ọmọ kékeré lè ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀wá láìkọsẹ̀, síbẹ̀ tí a bá bi í pé kí ló tẹ̀ lé ẹ̀fà, orí ení ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀.

Bí òye náà ṣe ń dàgbà

Ní 1978, Rochel Gelman àti C. R. Gallistel, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ka ìlànà márùn-ún tó wà nídìí kíka nǹkan. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ètò orúkọ nọ́ńbà kì í yí padà. Lójú wọn, ọmọ tó ń ka "méjì, mẹ́fà, mẹ́wàá" ní gbogbo ìgbà ti mọ ìlànà yìí. Orúkọ gan-an ni kò tíì mọ̀ tán. Karen Fuson (1988) pín ìdàgbàsókè náà sí ìpele: orúkọ nọ́ńbà á kọ́kọ́ so mọ́ra bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ọmọ á lè bẹ̀rẹ̀ láti àárín, nígbẹ̀yìn á lè kà á lọ kí ó sì kà á bọ̀.

Èdè tí ọmọ ń sọ lè dín iṣẹ́ rẹ̀ kù tàbí kí ó dá kún un. Ní èdè Ṣáínà, "mẹ́wàá-ọ̀kan" ni 11, èyí tó rọrùn láti tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jámánì ń pe ẹyọ ṣáájú ẹ̀wá nínú 21. Ní Yorùbá, ọmọ ti ń gbọ́ orúkọ ogún láti orí ẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí kò tíì dé ibẹ̀.

Ìlà nọ́ńbà àti eré

Ìwádìí pọ̀ lórí èyí. Tí a bá ní kí ọmọdé fi nọ́ńbà sí ipò wọn lórí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 100, ó máa ń fún àwọn nọ́ńbà kékeré láyè gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, á sì kó àwọn nọ́ńbà ńlá jọ pọ̀ sí ìpẹ̀kun. Robert Siegler àti Geetha Ramani fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí já jẹ ní eré kan tí a to 1 dé 10 sí lórí ìlà tó tọ́. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ṣe é láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ipò tí wọ́n ń fi nọ́ńbà sí dára sí i. Ti àwọn tó ṣe irú eré kan náà pẹ̀lú àwọ̀ dípò nọ́ńbà kò yí padà. Nínú ìwádìí wọn ní 2009, pátákó eré tó rí róbótó kò ṣe tó ti ìlà tó tọ́. (Nítorí náà lúdò, tí ọ̀nà rẹ̀ yí po tí kò sì ní nọ́ńbà nínú àpótí, lè má ṣe irú iṣẹ́ yìí.)

Bí ọmọ ṣe ń kà á tún ṣe pàtàkì, gẹ́gẹ́ bí Elida Laski àti Siegler ṣe fi hàn ní 2014. Ọmọ tó wà lórí 5, tó sì fẹ́ rìn ìṣísẹ̀ méjì, ní láti sọ pé "mẹ́fà, méje". Èyí tó bá sọ pé "ọ̀kan, méjì" rìn dé ibi kan náà, ṣùgbọ́n kò wo nọ́ńbà tó ń tẹ̀.

Ohun èlò mìíràn

Àwọn olùkọ́ tún ń lo káàdì nọ́ńbà tí a dà rú fún ọmọ láti tò, àti ìlà tí a fi àlàfo sí. Ọ̀pá mẹ́wàá ti Maria Montessori, olùkọ́ ọmọdé ará Ítálì, bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 10 dé mítà 1, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi sẹ̀ǹtímítà 10 gùn ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ.